Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà, Kí Orí Ọmọ Tuntun Wọ́



Gbogbo wa la mọ bí ọjọ́ ọjà Àgbálátà ṣe máa ń rí. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná an. Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀bá títì lẹ́yìn ìrun Sùbúhì lọ́jọ́ náà yóò rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀kadà kan yóò kọjá. Ọlọ́kadà wà níwájú, àpò gaàrí wà lórí táǹkì epo, ìyá kan jókòó lẹ́yìn, ó pọn ọmọ, ọmọ kejì tó ń lọ sí ilé-kéú sì há sáàárín òun àti ọlọ́kadà. Akoto kan ṣoṣo, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ló wà níbẹ̀, ara ọwọ́ ọ̀kadà ni wọ́n sì gbé e kọ́. Àwa náà yóò kí ìyá yẹn, a ó ní, “Ọlọ́hun a ṣọ́ yín o,” a ó sì bá tiwa lọ.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá yẹn ti wọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo wa la sì wà lọ́jà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ọ̀kan lọ. Ọgbẹ́ tí ọkọ̀ ń dá sí wa lára ní ibi tó máa ń dé, kì í kàn bà níbi tó bá wù ú. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú àwọn tó fara pa ní Ìlọrin, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Èkó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́ pé bí ó bá jẹ́ ọ̀kadà, ẹsẹ̀ àti orí ló ń ṣáájú. Ẹsẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé èèyàn dé ọsibítù. Orí ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé èèyàn dé itẹ́. Ohun tó bá ní ibi tó máa ń dé, a lè lọ dè é níbẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò, tó sì tẹ́ ẹní rẹ̀ síbẹ̀, kò yẹ kó máa sọ pé Ọlọ́hun ló fi òjò ba ẹní òun jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kádàrá

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní kádàrá ni, pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé yóò lọ, ìbáà dé akoto, ìbáà má dé e. Òótọ́ ni pé ìgbàgbọ́ nínú kádàrá wà lára òpó ìgbàgbọ́ wa, kò sì sí Mùsùlùmí tó lè yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n Ànábì wa Muhammad, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ló sọ fún ẹni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ ràkúnmí rẹ̀ pé kó so ó mọ́lẹ̀ ná, kó tó gbára lé Ọlọ́hun. Nígbà tí Kálífà Úmárù ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí àwọn èèyàn òun padà. Wọ́n bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ó dá wọn lóhùn pé inú kádàrá Ọlọ́hun lòun ti ń lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun mìíràn.

Akoto náà, kádàrá ni. Bẹ́líìtì inú ọkọ̀ náà, kádàrá ni. Ọlọ́hun tó dá wa ló fún àwọn tó ṣe wọ́n ní ọpọlọ. Àdúrà ìgùn ọkọ̀ tí a ń ṣe kí ọkọ̀ tó gbéra, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rán wa létí pé agbára wa kò ká ohun tí a gùn yìí, àfi kí Ọlọ́hun rọ̀ ọ́ fún wa. Ẹni tó bá mọ̀ pé agbára òun kò ká a ni yóò ṣọ́ra. Ẹni tó bá ṣe àdúrà náà tán, tó wá gbé ọmọ 3 sórí ọ̀kadà kan, kò tíì gbọ́ ohun tó ń sọ lẹ́nu.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde ní 2023 pé àwọn tó kú sójú pópó káàkiri ayé nínú ọdún 2021 nìkan tó mílíọ̀nù 1.19. Nínú 100 wọn, 92 ló kú ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, tiwa sì wà nínú wọn. Ju ìdajì lọ nínú wọn ló jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà. Láàárín àwọn tó ti pé ọdún 5 títí dé ọdún 29, kò sí àrùn tàbí ohun mìíràn tó ń pa wọ́n tó ìjàǹbá ọkọ̀. Àwọn ọmọ ilé-kéú wa nìyẹn, àwọn ìyàwó tuntun wa nìyẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ wa nìyẹn.

Orí

Ẹ jẹ́ ká wo àgbọn. Àwa ará Àgbádárìgì mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Àgbọn tó já láti òkè pẹ̀lú èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, tó rí bíi kànìnkànìn, kì í sábà fọ́. A ó gbé e ńlẹ̀, a ó mì ín, omi rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti bó èèpo yẹn kúrò, tí a wá sọ èyí tó kù mọ́ òkúta, yóò là, omi yóò dà. Àgbọn tí a ti bó ni orí èèyàn. Akoto ni èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Fóòmù inú rẹ̀ ló ń gba ìyà náà jẹ, tó ń fọ́n ọn ká, kó má baà jẹ́ ojú kan ṣoṣo lórí ni gbogbo rẹ̀ yóò bà sí.

Bí ọ̀kadà bá ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, tó wá kọlu ohun tí kò yẹ̀, agbára tí yóò fi gbé orí lọ bá nǹkan náà kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó já láti orí igi àgbọn tó ga ní mítà 10. Bó bá ń sáré 80, igi náà ti di mítà 25. Ìyá wo ni yóò pọn ọmọ rẹ̀ gun igi àgbọn, tí yóò ní Ọlọ́hun a ṣọ́ ọ?

Àwọn onímọ̀ kó ìwádìí jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n rí i pé akoto ń dín ikú àwọn tó wà lórí ọ̀kadà kù ní nǹkan bí 42 nínú 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní nǹkan bí 69 nínú 100. N kò mọ oògùn kankan tí a ń rà lọ́jà tó ń ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìíní 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní dandan ni kí gbogbo ọlọ́kadà dé akoto. Àwọn kan dé igbá. Àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò kan kò sì gbà láti dé èyí tí ọlọ́kadà bá nà sí wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi oògùn sí i. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ohun tó wà nídìí ẹ̀rín yẹn ni pé a dé akoto nítorí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, a kò dé e nítorí orí wa. Ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ kúrò ní oríta, igbá náà padà sí ilé ìdáná.

Ẹ jẹ́ ká dáhùn àwíjàre mẹ́ta tí mo máa ń gbọ́ jù. Èkíní ni pé akoto ọlọ́kadà dọ̀tí, gbogbo orí ló ti wọ inú rẹ̀, ó lè kó làpálàpá tàbí iná orí ranni. Òótọ́ ni, kò sì burú láti kórìíra ìdọ̀tí, nítorí ìmọ́tótó jẹ́ ara ẹ̀sìn wa. Ojútùú rẹ̀ ni kí a ní tiwa, kí a máa fi omi àti ọṣẹ nu inú rẹ̀, kí a sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Èkejì ni pé akoto ń ba híjáàbù jẹ́. Híjáàbù fẹ́lẹ́ kò ní kí akoto má jókòó dáadáa lórí, àní ó ń gba òógùn kó má baà wọ inú akoto. Gèlè tó nípọn àti láwàní ńlá ni kò dára, nítorí akoto kò lè dé orí lórí wọn. Ẹ ká láwàní náà sínú àpò, kí ẹ wé e bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀nà náà kò jìn. Ọ̀nà tó jìn kọ́ ló ń fọ́ orí, ilẹ̀ ló ń fọ́ ọ, ilẹ̀ sì wà níbi gbogbo.

Akoto tí a kò de okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n kò wúlò, yóò fò dànù kí orí tó kanlẹ̀. Èyí tó ti là, tàbí tó ti gba ìjàǹbá ńlá kan rí, ẹ má dé e mọ́.

Ohun kan tún wà nípa orí tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Ẹni tó ṣubú lè dìde, kó gbọn aṣọ rẹ̀, kó ní, “Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Alhamdulillah,” kó sì máa lọ sílé. Ní alẹ́, orí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, yóò bì, oorun yóò máa kùn ún. Àwọn ará ilé yóò ní ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó sùn. Kò sì ní jí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ láàárín egungun orí àti ọpọlọ, tó ń fún ọpọlọ pa. Nítorí náà, ẹni tó bá fi orí gbálẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ fún wákàtí 24, ẹ má jẹ́ kó dá sùn. Bó bá dákú, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan, bó bá ń bì léraléra, bí oorun rẹ̀ bá ń wúwo jù, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń lọ́, bí ẹyinjú rẹ̀ kan bá tóbi ju èkejì lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde láti etí tàbí imú, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de òwúrọ̀.

Ẹsẹ̀

Egungun ojúgun kò ní ẹran níwájú, awọ nìkan ló bò ó. Ẹsẹ̀ ẹni tó gun ọ̀kadà sì wà níta, kò sí irin kankan tó dáàbò bò ó bíi ti ẹni tó wà nínú mọ́tò. Bí dánfó tàbí kórópe bá fi ẹ̀gbẹ́ gbá ọ̀kadà, ẹsẹ̀ ló há sáàárín. Egungun yóò ṣẹ́, yóò gún awọ jáde, iyanrìn àti epo ojú títì yóò wọ inú ọgbẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ ọ̀kadà fi ń pẹ́ kó tó jiná. Ìdọ̀tí tó wọ inú egungun lè máa ṣọyún fún ọdún púpọ̀, tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tó ń mú ẹnu dì, sì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ kan wà tó jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó ibi tí à ń gbé ẹsẹ̀ lé, ẹsẹ̀ náà yóò máa fì, yóò sì kó sínú wáyà àgbá ẹ̀yìn, tí yóò ya gìgísẹ̀ rẹ̀. Tàbí kí ó fara kan sàlẹ́ńsà tó ń jó bí iná. Ọgbẹ́ kan sì wà tó jẹ́ ti àwa tí à ń wọ aṣọ gígùn. Ètí jálábíà, ìborùn, tàbí jílíbáàbù tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lè kó sínú àgbá tàbí ṣéènì, kí ó fa ẹni tó wọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti ọrùn. Ẹ̀yin obìnrin wa, kí ẹ tó jókòó, ẹ kó gbogbo etí aṣọ jọ, ẹ fi itan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bí egungun bá ti ṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa àwọn tó ń tún egungun tò nílé. N kò bú wọn. Àwọn àgbà wa gbà wọ́n gbọ́, àwọn mìíràn sì ti ran èèyàn lọ́wọ́ lórí egungun tó ṣẹ́ tí awọ kò ya. Ṣùgbọ́n bí awọ bá ya, kì í ṣe iṣẹ́ wọn, nítorí ọgbẹ́ náà fẹ́ fífọ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ àti abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá sì fi ọparun di ẹsẹ̀ le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ìsàlẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ náà yóò kú. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí àwọn dókítà ti gé ní orílẹ̀-èdè yìí, ìdè tó le jù ló pa á, kì í ṣe ọkọ̀. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n dè bá tutù, tó kú tipiri, tó ń dúdú, tàbí tí ìrora náà kàn ń le sí i, ẹ tú u lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ọsibítù ìjọba wà ní Àgbádárìgì. Ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì náà wà, èyí tó ti ń tọ́jú egungun láti 1945, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Ọ̀nà Ìgbóbì jìn sí wa, ó ju 50 kìlómítà lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi ọjọ́ 10 ṣòfò kí a tó lọ.

Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn

Ẹni tó wà nínú dánfó rò pé òun bọ́ lọ́wọ́ ewu. Tirẹ̀ yàtọ̀ ni. Àyà àti ikùn ló ń gbà á, bí ara bá lọ lu àga iwájú. Ọlọ inú tàbí ẹ̀dọ̀ lè ya, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú ikùn, kí ó má sì sí ọgbẹ́ kankan lójú awọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá funfun, tó ń làágùn tútù, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí ikùn rẹ̀ le, ẹ má fún un lómi mu, ẹ má sì jẹ́ kó dúró de ìgbà tí àwọn tó ń sunkún bá gba ìtọ́jú tán. Ẹni tó dákẹ́ lè jẹ́ ẹni tó súnmọ́ ikú jù. Bí bẹ́líìtì bá wà, ẹ dè é, nítorí ó lè dín ewu ikú kù dé ìdajì. Kí a má sì rò pé apá ìyá lè di ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ mú nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Kò sí apá tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, bí ìfẹ́ ṣe wù kó pọ̀ tó.

Ní ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, iwájú mọ́tò ga dé orúnkún àgbà. Àmọ́ ti ọmọdé, itan àti ikùn ló dé, lẹ́yìn náà ni orí yóò gbálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kan náà tó ṣẹ́ àgbà lẹ́sẹ̀ fi lè pa ọmọ. Láti ìgbà tí iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ojú wa ti rí oríṣiríṣi nǹkan lójú ọ̀nà yẹn. Ibi tó ti dára, wọ́n ń sáré níbẹ̀. Ibi tí kò dára, wọ́n ń gba apá òdìkejì. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín kí wọ́n máa wo apá méjèèjì, àní lójú ọ̀nà tí wọ́n ní ọkọ̀ kì í gbà padà.

Àwa tí à ń lọ kírun Sùbúhì àti Ìṣáì lókùnkùn, ẹ wọ aṣọ funfun, kí ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Aṣọ dúdú ní ẹ̀bá títì láàárọ̀ kùtùkùtù, awakọ̀ kò ní rí i títí yóò fi pẹ́ jù. Ànábì wa kọ̀ fún wa kí a máa sáré wá síbi ìrun, ó ní kí a fi ìfarabalẹ̀ wá, kí a kírun tí a bá bá, kí a sì parí èyí tó kù. Ẹni tó ń sáré gé títì kọjá nítorí pé ìkámọ̀ ti wọlé ń rú òfin ẹni tó kọ́ ọ ní ìrun. Bákan náà ni ẹni tó ń lé ọ̀kadà ní ìrọ̀lẹ́ Ràmàdáánì kó lè ṣínu nílé. Gbogbo ibi tí omi àti dàbínù bá wà la ti lè ṣínu.

Ọwọ́ tiwa

Apá tó dùn mí jù nìyí, nítorí ọkọ̀ kọ́ ló ń ṣe é. Àwa ni. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, àwa la máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ọkàn wa dára, ọwọ́ wa ló ń ṣe jàǹbá. A ó mú ẹni náà ní apá àti ẹsẹ̀ bí àpò ẹ̀gẹ́, orí rẹ̀ yóò máa fì. Bó bá jẹ́ pé egungun ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni okùn ọ̀pá ẹ̀yìn yóò já, tí ẹni tó yẹ kó rìn kò ní lè rìn mọ́ láéláé.

Ohun tó yẹ ká ṣe kò le. Kí ẹnì kan kọ́kọ́ lọ dúró sẹ́yìn láti dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró, kí òmíràn má baà kú. Kí ẹnì kan pe 767 tàbí 112, tàbí 122 ti FRSC. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gan-an, ẹ má sì yọ ọ́ wò. Ẹ má fi eérú, epo ọkọ̀ tàbí kọfí sí i. Ẹ má tú akoto kúrò lórí rẹ̀ tipátipá bó bá ń mí dáadáa. Bó bá di dandan láti gbé e, kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí àti ọrùn mú kó tọ́, kí àwọn mẹ́rin yí i sórí pákó lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ọsibítù kan bá sì ní àfi kí ẹ mú owó tàbí ìwé ọlọ́pàá wá ná, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè wa, tó di òfin ní 2014, sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà ní pàjáwìrì, ohun yòówù tó lè fà á. Ẹni tó bá kọ̀ lè san 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí kó ṣe méjèèjì.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí jàmáà ṣe

Òfin wà. Òfin ìrìnnà ti Ìpínlẹ̀ Èkó kò fàyè gba kí ọlọ́kadà gbé ọmọ tí kò tó ọdún 12, aláboyún, tàbí ẹni tó pọn ọmọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, ìjọba fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, Àgbádárìgì kò sì sí nínú wọn. N kò sọ pé kí wọ́n fòfin dè é níbí. Ìyá tó ń lọ sí Àgbálátà mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Kò rí ọkọ̀ mìíràn tó ń wọ àdúgbò rẹ̀ ni, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ọkọ̀ méjì. Ẹni tí kò bá lè fún un ní ọ̀nà mìíràn kò yẹ kó máa bá a wí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọjú sí àwa tí a ní mọ́ṣáláṣí, tí a ní ẹgbẹ́, tí a ń dáwó ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo mọ́ṣáláṣí wa ló ní ohun tí a fi ń gbé òkú lọ sí itẹ́. A tọ́jú rẹ̀, a kùn ún, a mọ ibi tó wà lóru. Mélòó nínú wọn ló ní pákó kan tí a lè fi gbé ẹni tó ṣì ń mí? Ọlọ́hun Ọba fi ẹni tó gba ẹ̀mí kan là wé ẹni tó gba gbogbo ọmọ aráyé là, ó sì yẹ kí ohun èlò wa fi hàn pé a gbà á gbọ́. Mo ń bẹ gbogbo mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, láti Àgbárá títí dé Ṣẹ̀mẹ́, kí wọ́n ra pákó gígùn kan, okùn aṣọ tí a fi ń de èèyàn mọ́ ọn, aṣọ mímọ́ àti ìbọ̀wọ́, kí wọ́n kọ nọ́ńbà pàjáwìrì sára ògiri níta, kí wọ́n sì ní kí nọ́ọ̀sì tó wà nínú jàmáà kọ́ ọ̀dọ́ 10 bí a ti ń lò ó. Owó rẹ̀ kò tó owó màlúù kan.

Èkejì, kí ilé-kéú tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ háyà kórópe kan láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn òbí dá owó rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a fi akoto kún ohun tí a ń fi ṣe sàráà àti ẹ̀bùn ìgbéyàwó. A ti fún ìyàwó tuntun ní abọ́ tó. Ẹ̀kẹrin, Ànábì wa ka mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Ẹni tó pàtẹ ọjà rẹ̀ sórí títì lọ́jọ́ ọjà, àti ẹni tó páàkì ọkọ̀ rẹ̀ sí ojú ọ̀nà nítorí Jímọ́ọ̀, tó wá ń ti ẹlẹ́sẹ̀ sí àárín ọkọ̀, kó bi ara rẹ̀ pé apá wo nínú ìgbàgbọ́ lòun ń ṣe.

Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, bí ẹ bá rí ọ̀kadà yẹn tó ń kọjá, ẹ má kàn kí i. Ẹ dá a dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹ ní, “Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bá yín wá kẹ̀kẹ́ Márúwá, a ó fi díẹ̀ kún owó yín.” Orí ọmọ náà yóò tọ́.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa, kí ó fi àánú gba àwọn tí ọ̀nà ti mú lọ, kí ó fún àwọn tó wà lórí ibùsùn ní àlàáfíà, kí ó sì fún wa ní làákàyè láti ṣọ́ ohun tó fi sí ìkáwọ́ wa. Àmín.